Orí Kẹjọ: Ìnira Ọ́síjìn àti Ààbò Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí

1. Sọ ìdí tí ìnira ọ́síjìn (oxidative stress) fi ń tètè pa ọpọlọ lára.
2. Ṣàlàyé bí àwọn ẹ́ńsáìmù inú ara àti àwọn èròjà inú oúnjẹ ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ.
3. Dárúkọ àwọn ohun tó ń dá kún ìnira yìí ní agbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége.
4. Fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹ̀rí tó wá láti inú ife ìdánwò, èyí tó wá lára ẹranko, àti èyí tó wá lára ènìyàn.

Ìfáárà

Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Láti òpópónà Ọba Akran dé Ògbà, láti Orégùn dé Agídíngbì, ilé ọtí, ilé ọ̀dà, ilé oògùn, ilé oúnjẹ àti ilé táyà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Agége tó múlé gbè é ti lókìkí ṣáájú ìyẹn, nítorí oko kókó àti oko obì tó wà níbẹ̀. Lónìí, ẹni tó ń gbé agbègbè yìí ń mí èéfín ọkọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ sínú. Ẹni yìí kan náà lè dé ọjà kó ra ẹ̀fọ́, ọsàn, ata àti orógbó pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ péré. Èéfín tó ń mí sínú ń dá kún iṣẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ sì wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan ló wà nínú orí yìí: kò sí èròjà kan ṣoṣo tó ń dá dáàbò bo ọpọlọ. Ọ̀wọ́ èròjà ni, tí ọ̀kan ń gbé èkejì ró. Ẹni tó bá lóye èyí yóò mọ ìdí tí oúnjẹ fi ń ṣe ọpọlọ lóore, ìdí tí fítámì oníhóró fi sábà máa ń já ènìyàn kulẹ̀, àti ìdí tí dídín èéfín kù fi gbọ́dọ̀ ṣáájú méjèèjì.

8.1 Ìdí tí ọpọlọ fi wà nínú ewu

Gbogbo wa la nílò ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ọ́síjìn yìí kan náà ló ń mú kí irin dípẹtà, tó sì ń mú kí òróró tó ti pẹ́ máa rùn. Ọpọlọ àgbàlagbà kò ju nǹkan bí 2% ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ló ń lo nǹkan bí 20% ọ́síjìn tí ara ń lò nígbà tí ènìyàn bá wà ní ìsinmi.

Inú mitokọ́ńdíríà ni sẹ́ẹ̀lì ti ń lo ọ́síjìn yìí láti yọ agbára jáde nínú oúnjẹ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń ti ọ̀dọ̀ purotéènì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì títí yóò fi kan ọ́síjìn, tí ọ́síjìn náà yóò sì di omi. Díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí máa ń já bọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn ṣáájú àkókò. Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ni superoxide.

Superoxide jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí a ń pè ní free radical, ìyẹn mólékù tàbí átọ́ọ̀mù tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò ní ìkejì. Irú mólékù bẹ́ẹ̀ kì í sinmi. Yóò já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ èyí tó bá sún mọ́ ọn, èyí tí wọ́n já tirẹ̀ gbà náà á sì di free radical. Bí ìbàjẹ́ ṣe ń ràn láti orí ọ̀kan dé orí òmíràn nìyẹn.

Ohun márùn-ún ló mú kí ewu yìí pọ̀ nínú ọpọlọ ju nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara yòókù lọ:

- Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kún fún ọ̀rá, pàápàá ọ̀rá tí a ń pè ní DHA. Ìrísí ọ̀rá yìí mú kó rọrùn fún free radical láti kọlù ú.
- Irin wà nínú ọpọlọ, ó sì ń pọ̀ sí i ní àwọn apá kan níbẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń dàgbà. Apá 8.2 yóò fi ewu irin hàn.
- Dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn àti ìgbòkègbodò ara, máa ń mú hydrogen peroxide, èròjà ọ́síjìn mìíràn tó lè pa sẹ́ẹ̀lì lára, jáde nígbà tí ẹ́ńsáìmù bá ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.
- Catalase, ẹ́ńsáìmù tó ń sọ hydrogen peroxide di omi, kò pọ̀ nínú ọpọlọ bó ṣe pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀.
- Ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni a bí mọ́ wa. Èyí tó bá kú nínú wọn, agbára káká ni a fi ń rí arọ́pò rẹ̀.

8.2 Bí ìbàjẹ́ ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ní 1894, Henry Fenton, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin àti hydrogen peroxide bá pàdé. Lóde òní a mọ̀ pé ohun tí ìpàdé yẹn ń bí ni hydroxyl radical, èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n bí i sí gan-an ló ti ń ṣọṣẹ́. Kì í dúró débi tí ẹ́ńsáìmù kankan yóò fi rí i mú.

Bí hydroxyl bá kọlu ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá náà á di free radical, á sì kọlu ọ̀rá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Lára àjẹkù ọ̀rá tó bàjẹ́ ni malondialdehyde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní MDA. MDA yìí ni wọ́n máa ń wọ̀n nínú ìwádìí kí wọ́n lè mọ bí ìbàjẹ́ ti pọ̀ tó. Hydroxyl tún máa ń kọlu purotéènì àti DNA.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni superoxide, hydrogen peroxide àti irú wọn jẹ́ ọ̀tá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun inú ẹ̀jẹ̀ ń fi wọ́n pa kòkòrò àrùn, hydrogen peroxide díẹ̀ sì wúlò fún sẹ́ẹ̀lì láti fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Nítorí náà, ìnira ọ́síjìn ni ipò tí àwọn èròjà apanilára wọ̀nyí ti pọ̀ ju agbára ààbò tí sẹ́ẹ̀lì ní lọ. Bí èròjà apanilára bá pọ̀ sí i, ìnira lè dé. Bí ààbò bá dínkù, ìnira lè dé. Ibi tó ti ń burú jù ni ibi tí méjèèjì ti ṣẹlẹ̀ pọ̀.

8.3 Ohun tó ń dá kún ìnira yìí láàárín Ìkẹjà àti Agége

*Èéfín.* Eruku tó wà nínú èéfín ọkọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ dísù àti ti ilé-iṣẹ́ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ ni a ń pè ní PM2.5. Ó máa ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, èyí tó sì kéré jù nínú rẹ̀ lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó gba ojú iṣan ìgbóòórùn inú imú dé ọpọlọ. Irin àti àwọn mẹ́táàlì mìíràn máa ń wà lára eruku yìí, a sì ti rí ohun tí irin lè ṣe ní apá 8.2.

Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fi hàn pé PM2.5 ní Èkó tó nǹkan bíi máíkírógíráàmù 68 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 11,200 ènìyàn ló kú ikú àìtọ́jọ́ ní Èkó ní 2018 nítorí afẹ́fẹ́ búburú. Ìkẹjà wà lára àwọn agbègbè ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ. Ìwọ̀n PM2.5 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ní 2021 pé kí afẹ́fẹ́ ọdún kan má kọjá ni máíkírógíráàmù 5. Ní 2020 náà ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ fi afẹ́fẹ́ búburú kún àwọn ohun tó lè fa àrùn ìgbàgbé ní ọjọ́ ogbó.

Níbi tí wọ́n bá ti ń fi táyà sun awọ màlúù láti ṣe pọ̀nmọ́, èéfín rẹ̀ burú ju ti igi lọ. Ẹni tó ń sun ún ló kọ́kọ́ ń mí i sínú, kó tó kan ará àdúgbò.

*Òjé.* Òjé wà nínú bátìrì ọkọ̀, ó sì wà nínú àwọn ọ̀dà kan. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2006, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà jáwọ́ nínú rẹ̀, ó wà nínú epo bẹtiróòlù tí à ń rà. Òjé kì í jẹrà, nítorí náà èyí tó ti balẹ̀ sí etí títì ṣì wà nínú erùpẹ̀. Nínú ara, ó máa ń lẹ̀ mọ́ imí-ọjọ́ tó wà lára glutathione, èròjà ààbò tí a óò rí ní apá 8.4, àti lára àwọn ẹ́ńsáìmù, á sì sọ wọ́n di aláìníṣẹ́. Ó tún ń dí ẹ́ńsáìmù kan tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, èròjà tó yẹ kí ẹ́ńsáìmù náà lò á wá kó jọ, á sì máa bí free radical. Ọmọdé ló ń ṣe ní jàǹbá jù, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó jáde níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

*Káńfọ̀ àti ọmọ ìkókó.* Ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà kí wọ́n bí ọmọ tí ẹ́ńsáìmù G6PD rẹ̀ kò tó. Láìsí G6PD tó péye, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò lè fara da ìnira ọ́síjìn. Naphthalene tó wà nínú káńfọ̀, hóró funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ń mú ìnira yìí bá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa á máa bẹ́, bilirubin tó ń wá láti ara sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ á kún inú ẹ̀jẹ̀, ojú àti ara ọmọ á pọ́n bí atalẹ̀ pupa. Bí bilirubin bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ ọmọ ìkókó kó sì bà á jẹ́ títí ayé. Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ọmọ ìkókó tí ojú rẹ̀ bá pọ́n gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Oòrùn àárọ̀ àti omi ìbẹ́pẹ kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

8.4 Ọ̀wọ́ ààbò tó wà nínú ara

Antioxidant ni orúkọ tí a ń pe èròjà tó lè fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ tọrẹ láìdi eléwu, tàbí tó ń sọ èròjà apanilára di aláìlágbára. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó lágbára jù nínú wọn.

Ní 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Yunifásítì Duke, Amẹ́ríkà, kéde ẹ́ńsáìmù superoxide dismutase, tí a ń pè ní SOD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ superoxide di hydrogen peroxide. Oríṣi SOD kan nílò bàbà àti síǹkì, èyí tó wà nínú mitokọ́ńdíríà sì nílò manganese. Lẹ́yìn SOD ni catalase àti glutathione peroxidase ń gba iṣẹ́, tí wọ́n ń sọ hydrogen peroxide di omi. Glutathione peroxidase kò lè ṣiṣẹ́ láìsí selenium. Bí SOD bá ṣiṣẹ́ tí àwọn tó tẹ̀ lé e kò ṣiṣẹ́, hydrogen peroxide á kó jọ, irin á sì sọ ọ́ di hydroxyl. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kò wúlò láìsí ti ẹnì kejì.

Glutathione, tí ẹ́ńsáìmù yìí ń lò, jẹ́ àpapọ̀ amino acid mẹ́ta: glutamate, cysteine àti glycine. Cysteine ló sábà máa ń wọ́n jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn inú ọpọlọ, tí a ń pè ní astrocyte, ló ń pèsè ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ṣe glutathione tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí ọ̀rá kan bá ti di free radical nínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Ó dà bí eré ìje tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń sá, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́:

1. Fítámì E, tó ń gbé inú ọ̀rá awọ sẹ́ẹ̀lì, á fún ọ̀rá náà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Ìbàjẹ́ á dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n fítámì E náà á di aláìpé.
2. Fítámì C, tó ń gbé inú omi sẹ́ẹ̀lì, á dá fítámì E padà sí ipò rẹ̀, òun náà á sì di aláìpé.
3. Glutathione á dá fítámì C padà sí ipò.
4. NADPH, mólékù tó ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, á dá glutathione padà sí ipò. Inú ṣúgà tí a jẹ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń rí NADPH, nípasẹ̀ iṣẹ́ G6PD.

Bí ọ̀kan bá kọsẹ̀ láàárín ọ̀nà, ìje náà bàjẹ́. Ẹni tó kó fítámì E jọ rẹpẹtẹ, tí fítámì C àti glutathione rẹ̀ kò tó, ti fi asáré kan kún ìlà láìsí ẹni tí yóò gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tún ní ọ̀nà tó fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi kún ààbò. Purotéènì kan tó ń jẹ́ Nrf2 wà tí purotéènì mìíràn, Keap1, dì mú. Bí èròjà onínira bá kan Keap1, á tú Nrf2 sílẹ̀. Nrf2 á wọ inú nukléọ́ọ̀sì lọ, á sì tan àwọn jíìnì tó ń ṣe glutathione àti ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù ààbò. Ẹ fi orúkọ Nrf2 sọ́kàn, nítorí òun ló ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tí ewébẹ̀ àti èso ń ṣe.

8.5 Ohun tí oúnjẹ ń mú wá

| Èròjà | Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọpọlọ | Oúnjẹ tí a ti ń rí i |
|---|---|---|
| Fítámì E | Ó ń ṣọ́ ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì | Epo pupa, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ |
| Fítámì C | Ó ń ṣọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń dá fítámì E padà | Ọsàn, àgbálùmọ̀, gúáfà, ata rodo, ẹ̀fọ́ tí a kò sè jù |
| Cysteine | Ó wà lára glutathione | Ẹyin, ẹja, ẹran |
| Selenium, síǹkì, bàbà | Àwọn ẹ́ńsáìmù ń lò wọ́n | Ẹja, edé, ẹyin, ẹ̀wà |
| Polyphenol | Ó ń ta Nrf2 jí, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn dáadáa | Kókó, ìṣápá, ewúro, ẹfinrin, àlùbọ́sà |

Ara ènìyàn kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ ń fa èyí tó bá rí mọ́ra débi pé fítámì C inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100. Ti fítámì E náà hàn kedere. Àwọn kan wà tí a bí láìní purotéènì tó ń gbé fítámì E kiri ara. Ẹsẹ̀ wọn kì í dúró dáadáa nílẹ̀, ìrìn wọn sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí fítámì E lò, àìsàn náà lè dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà tí a ń gbà sè nǹkan ṣe pàtàkì. Epo pupa ní carotenoid tó ń mú un pọ́n àti oríṣi fítámì E tí a ń pè ní tocotrienol. Bí a bá gbé e kaná títí ó fi funfun, carotenoid inú rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ tí a sì da omi rẹ̀ nù ti pàdánù púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀.

8.6 Ẹ̀kọ́ láti inú kókó Agége

Ní nǹkan bí 1880, James Pinson Labulo Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò ọmọ Sàró ní Èkó, gbin kókó sí oko rẹ̀ ní Ìjòn lẹ́bàá Agége. Jacob Kẹ́hìndé Coker tẹ̀ lé e pẹ̀lú oko ńlá rẹ̀ ní Ìfákò, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Àwọn alágbàṣe tó wá ṣiṣẹ́ ní oko Agége mú irúgbìn àti ìmọ̀ padà sí ìlú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kókó ṣe tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ilé ti gba ibi tí oko wọ̀nyí wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kókó kò kúrò ní agbègbè náà: ní Agídíngbì ni ilé-iṣẹ́ Cadbury ti ń ṣe Bournvita.

Inú èso kókó ni a ti ń rí flavanol, oríṣi polyphenol kan, pàápàá epicatechin. Nínú ife ìdánwò, epicatechin ń pa free radical bí ẹní ń pa iná. Àmọ́ èyí tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jẹ kókó kéré púpọ̀ sí fítámì C àti glutathione tó ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, kò dájú pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ife ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú orí. Ohun tí ẹ̀rí ń tọ́ka sí jù ni pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dáadáa lọ sí ọpọlọ, ó sì ń ta ètò ààbò sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ jí.

Ìdánwò ńlá kan tó ń jẹ́ COSMOS wáyé ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn àgbàlagbà 21,442. Àwọn kan ń lo èròjà kókó tó ní mílígíráàmù 500 flavanol lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo hóró lásán. Nínú ẹ̀ka kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, kókó kò fi kún làákàyè àwọn tó lò ó. Nínú ẹ̀ka mìíràn tí 3,562 ènìyàn kópa, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, àwọn tí flavanol kò tó nínú oúnjẹ wọn láti ilẹ̀ wá ni ìrántí wọn sunwọ̀n sí i. Àwọn tó ti ń jẹun dáadáa kò rí ìyàtọ̀. Ohun tó ṣófo ni oúnjẹ ń kún.

Ẹ kíyè sí i pé flavanol máa ń dínkù nígbà tí a bá sé kókó kó lè kan, nígbà tí a bá yan án, àti pàápàá nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fi èròjà bíi kánún wẹ̀ ẹ́ kí ìkorò rẹ̀ lè lọ. Mílíìkì àti ṣúgà sì wà nínú ọ̀pọ̀ ohun mímu kókó tí a ń tà. Nítorí náà, ife ohun mímu kókó kan kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èròjà tí wọ́n lò nínú COSMOS.

8.7 Ìwádìí láti Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn: ìpele ẹ̀rí mẹ́ta

*Ife ìdánwò.* Ní 2007, Ganiyu Oboh ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bùràsíì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ata, rodo sì wà lára rẹ̀. Wọ́n fi irin sínú ọpọlọ eku tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, MDA sì pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n fi omi ata kún un, MDA dínkù. Èyí fi hàn pé èròjà ata *lè* dáàbò bo ọ̀rá ọpọlọ. Kò tíì fi hàn pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó jẹ ata.

*Ẹranko.* Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ebenezer Farombi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí kolaviron, èròjà tí wọ́n ń yọ láti inú orógbó. Nínú iṣẹ́ wọn kan tó jáde ní 2019, wọ́n fún eku ní rotenone, oògùn apakòkòrò tó ń dí iṣẹ́ mitokọ́ńdíríà lọ́wọ́, tó sì ń fa ohun tó jọ àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń ba ìrìn jẹ́. Àwọn eku tó rí kolaviron gbà kò bàjẹ́ lọ́pọlọ tó àwọn tí kò rí i. Ẹ̀rí yìí lágbára ju ti inú ife lọ, ṣùgbọ́n èròjà tí a yọ tí a sì wọ̀n fún eku yàtọ̀ sí orógbó tí àgbàlagbà ń jẹ lẹ́nu.

*Ènìyàn.* Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn, lára wọn Benjamin Ọṣuntokun àti Adesọla Ògúnníyì, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé àwọn Yorùbá tí àrùn náà ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35%, ti àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ 3.24%. Oúnjẹ lè wà lára ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ ara àti àjogúnbá náà yàtọ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Irú ìwádìí yìí ń fi ìyàtọ̀ hàn. Kì í dá sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà.

8.8 Ṣé oògùn oníhóró lè rọ́pò oúnjẹ?

Wọ́n ti dán an wò dáadáa. Ní 1993, èsì ìdánwò kan láàárín ẹni 800 tó ní àrùn Parkinson fi hàn pé fítámì E púpọ̀ kò dí àrùn náà lọ́wọ́. Ní 2005, ìdánwò mìíràn láàárín ẹni 769 tí ìrántí wọn ti ń mẹ́hẹ fi hàn pé fítámì E kò dá àrùn Alzheimer, oríṣi àrùn ìgbàgbé kan, dúró. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní beta-carotene, ọ̀kan lára àwọn carotenoid. Èsì tó jáde ní 1994 fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i láàárín wọn ní 18%.

Ohun tí a kọ́ ní 8.4 ṣàlàyé èyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo nínú ọ̀wọ́ ni hóró fítámì ń fi kún. Lẹ́ẹ̀kejì, ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kí gbogbo èròjà kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹta, àrùn ti lè máa jẹ ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn, nígbà náà sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kò ní jí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, sẹ́ẹ̀lì nílò hydrogen peroxide díẹ̀ láti fi ránṣẹ́, kò sì dára kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

8.9 Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ìtọ́jú àwọn ọmọ Zamfara kọ́ wa ní bí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tò. Wọ́n kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ olójé kúrò ní ilé wọn, wọ́n wá fún wọn ní oògùn tó ń fa òjé jáde lára. Oúnjẹ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bákan náà ni ó rí ní Ìkẹjà àti Agége. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Kí ẹni tó ń tún bátìrì ṣe pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ rẹ̀. Kí a má ṣe fi táyà sun ohun tí a óò jẹ. Kí ìjọba máa wọn afẹ́fẹ́, kí ó sì mú àwọn ilé-iṣẹ́ pa òfin èéfín mọ́. Kò tọ́ kí a máa sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń mí èéfín láti àárọ̀ dé alẹ́ pé ẹ̀fọ́ ni yóò gbà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ kàn: ewébẹ̀ àti èso oríṣiríṣi, ẹja tàbí ẹyin, epo pupa tí a kò sun di funfun. Ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, oorun tó tó, eré ìdárayá àti jíjìnnà sí sìgá náà ń ran ọpọlọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ yàrá ìdánwò: bí fítámì C ṣe ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tọrẹ

*Ohun èlò:* iodine, sítáàṣì tí a fi omi gbígbóná pò tó sì ti tutù, hóró fítámì C mílígíráàmù 100, ọsàn, ife kéékèèké, ohun tí a fi ń kán oògùn.

1. Ẹ lọ hóró fítámì C, kí ẹ sì pò ó mọ́ 100 ml omi.
2. Ẹ fún omi ọsàn, kí ẹ pín in sí méjì. Ẹ se apá kan fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì fi omi dá a padà sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀.
3. Ẹ bu 10 ml omi sínú ife mẹ́ta. Ẹ kán sítáàṣì márùn-ún àti iodine méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò di dúdú aláwọ̀ aró.
4. Ẹ máa kán omi fítámì C sí ife kìíní, omi ọsàn tútù sí ìkejì, omi ọsàn sísè sí ìkẹta. Ẹ ka iye ẹ̀kán tó mú àwọ̀ náà lọ.

*Àlàyé:* Fítámì C fún iodine ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, iodine sì di iodide tí kì í pa sítáàṣì láró. Bí fítámì C bá ṣe dínkù nínú omi kan ni ẹ̀kán tí a nílò yóò ṣe pọ̀ tó.

Àkótán

- Ọpọlọ ń lo ọ́síjìn púpọ̀, ọ̀rá àti irin wà nínú rẹ̀, catalase rẹ̀ kò sì pọ̀.
- Ìnira ọ́síjìn ni ipò tí èròjà apanilára ti pọ̀ ju ààbò lọ.
- SOD, catalase, glutathione, fítámì E àti C ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀wọ́, NADPH ló sì ń gbé wọn ró.
- Ọ̀pọ̀ èròjà ewébẹ̀ ń ta ààbò sẹ́ẹ̀lì jí ju bí wọ́n ṣe ń bá free radical jà fúnra wọn lọ.
- Dídín èéfín àti òjé kù ló ṣáájú, oúnjẹ ló tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí SOD nìkan kò tó láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì?
2. Ya àwòrán ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà láti NADPH dé ọ̀dọ̀ ọ̀rá tó bàjẹ́. Fi hàn lórí rẹ̀ ibi tí òjé ti ń dí i lọ́wọ́.
3. Olùtajà kan ní ọjà sọ pé ìwádìí ti fi hàn pé àgúnmu òun ń wo àrùn ìgbàgbé sàn, nítorí ó dín MDA kù nínú ọpọlọ eku tí wọ́n lọ̀ sínú ife. Kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ìwọ yóò bi í kí o tó gbà á gbọ́.
4. Ìyá kan kó aṣọ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ bí sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Ṣàlàyé fún un, ní èdè tí yóò yé e, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láti inú àpótí náà dé ọpọlọ ọmọ.
5. Wo àdúgbò rẹ. Dárúkọ ohun mẹ́ta tó ń dá kún ìnira ọ́síjìn níbẹ̀, kí o sì sọ ẹni tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù: ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́, tàbí ìjọba.